Ìkòkò Amọ̀ Mùsíyè Láò

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni inú fi run mí ní Ṣábẹ̀ẹ́,
lẹ́yìn ibà jẹ̀funjẹ̀fun tí wọ́n fi kápísù lé lọ.
Ibà lọ lóòótọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó sì kó ilé mọ́ ọn:
bí mo bá jẹ iyán, ìgbẹ́ gbuuru;
bí mo bá mu omi lásán, inú á máa kùn
bí ẹ̀rọ tó ń fún ìrèké lóṣù ọyẹ́.

Èmi ni mò ń se oúnjẹ fáwọn Ṣáínà ilé iṣẹ́ ṣúgà.
Mùsíyè Láò, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe,
rí i pé mo fọwọ́ ti ògiri kí n tó sọ ìkòkò kalẹ̀.
Ó bi mí. Mo ní, “Inú ni.”
Ó ṣí ìwé kékeré rẹ̀, ó wá ọ̀rọ̀ náà títí,
ó ní, “Inú? Èyí tó ń bíni ni, àbí èyí tó ń dùn?”
Ẹ̀rín pa mí, ẹ̀rín náà sì gún mi níkùn.
Báwo ni n ó ti ṣàlàyé fún un
pé inú kan náà la fi ń bínú, la fi ń yọ́nú,
pé ẹni tí inú rẹ̀ kò mọ́ kò ní í sùn,
ì báà jẹ́ ẹ̀bi ló jẹ, ì báà jẹ́ ẹ̀wà àná?

Lálẹ́, ó gbé ìkòkò amọ̀ dúdú kan jáde,
ó tú ìdì bébà tó ti ilé wọn wá:
èèpo ọsàn tó ti gbó bí awọ àgbà,
gbòǹgbò kan tó dùn lẹ́nu bí irọ́,
ègé funfun kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ dòní.
Ẹyọ kan péré ni mo dá mọ̀.
“Atalẹ̀ nìyí!” Ó gbà á, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ní, “Jáàng.”
A ń pè é léraléra, èmi atalẹ̀, òun jáàng,
bí orogún méjì tó ń pe ọmọ kan lórúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àgbo náà korò. Ó korò débi pé mo rántí gbèsè.

Nọ́ọ̀sì Fẹlisité ní ọpitáálì kò fojúure wò ó.
Ó ní kápísù kì í mọ èpò yàtọ̀ sí iṣu,
ó ti ro oko inú mi kanlẹ̀,
àwọn ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tó ń bá mi da oúnjẹ ti bá ọ̀tá lọ.
Ó ní àwọn sójà ara, ìfun ni bárékè ọ̀pọ̀ nínú wọn;
bí bárékè bá dàrú, ta ni yóò ṣọ́ ẹnubodè?
“Ewé ẹlẹ́wé lè gbani, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.
Mú ìdì náà wá ká wò ó.”
Mo mú un lọ. Kò sẹ́ni tó lè kà á.
Wọ́n ṣáà ní kí n dín in kù.

Ìyá mi gbé omi ògì ọjọ́ kẹta wá láti Kábúà.
Láò tọ́ ọ wò, ó dijú, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀,
ó ní ìyá òun náà a máa rẹ ẹ̀fọ́ sínú ìkòkò
títí yóò fi kan.

Lọ́jọ́ kejìlá, mo jẹ iyán, iyán dúró.
Èwo ló ṣe é? Ẹ má bi mí.
Ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́ ni? Omi ògì ni?
Àbí pé ẹnì kan ń jí láago márùn-ún
láti fẹ́ iná fún inú tí kì í ṣe tirẹ̀?

Àdéhùn iṣẹ́ Láò parí kí òjò tó dé.
Ó fi ìkòkò náà sílẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná.
Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, mo fi eérú fọ̀ ọ́.
Ẹ̀wà ni mò ń sè nínú rẹ̀ báyìí.
Adéwùsì ọmọ mi ní ẹ̀wà yìí ń rùn bí ọsàn.
Mo ní kó máa jẹ ẹ́ lọ.